Ilé-Ìkówèésí àti Ìrántí Àwùjọ

Ní ọdún 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ láti ẹnu àwọn arọ́kin ààfin àti àwọn àgbà tí ogun ìgbà náà ṣojú wọn. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé lọ, ìwé kò bọ̀. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ọ̀dọ̀ wọn tí ó sì béèrè, èsì tí wọ́n fún un ni pé àwọn kò mọ ibi tí ìwé náà wọlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n àwọn ṣe tán láti san owó rẹ̀. Samuel Johnson kú ní 1901 láìfojú kan iṣẹ́ rẹ̀ ní títẹ̀. Obadiah bá jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì tún gbogbo ìtàn náà kọ. Nígbà tí ó fi èyí náà ránṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1916, ọkọ̀ òkun Appam tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ ọkọ̀ ogun Jámánì lójú agbami, wọ́n sì darí rẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Obadiah pẹ̀lú ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú.

Títí di òní ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí ibi tí ohùn Samuel parí sí àti ibi tí ohùn Obadiah ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé yìí. Iyàn náà kò lè tán pátápátá, nítorí pé ohun tí ìbá là á ti sọnù. Fún ọdún mẹ́rìnlélógún gbáko ni ìtàn odidi ìran kan fi wà nínú àpótí ẹnìkan àti nínú ikùn ọkọ̀ òkun, láìsí ilé kan ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tí òfin fi lé lọ́wọ́ pé kí ó gba ẹ̀dà kan pamọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí ti mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ilé-ìkówèésí fi kan àwùjọ, bí kò tilẹ̀ tí ì ka èyíkéyìí nínú àwọn ìwádìí tí a ti ṣe lórí rẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Orúkọ tí Yorùbá fún ilé náà pé méjì, láìka láíbìrì tí a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn. Àwọn kan ń pè é ní ilé-ìkàwé, àwọn mìíràn ń pè é ní ilé-ìkówèésí. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀kan náà ni, ṣùgbọ́n àárín orúkọ méjèèjì gan-an ni ìjà àwọn ọ̀mọ̀wé wà. Ilé tí a ń kó ìwé sí lè kún fọ́fọ́ kí ẹnikẹ́ni má sì wọ ibẹ̀. Ilé tí a ti ń kàwé lè kún fún ènìyàn kí ó má sì sí ìwé níbẹ̀ ju èyí tí wọ́n gbé wá láti ilé lọ. Ní ọdún 1931 ni Ranganathan, olùtọ́jú ìwé ní yunifásítì Madras ní ilẹ̀ Íńdíà, kọ òfin márùn-ún tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà ń kọ́ dòní olónìí. Èkínní nínú wọn kò ju pé kí a lo ìwé. Ó lè dùn ún gbọ́ bí ohun tí kò yẹ kí a máa kọ sílẹ̀, àfi bí ènìyàn bá rántí iye àpótí onígíláàsì tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí a fi àgádágodo tì, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò ọ̀gá àgbà tí ó rin ìrìn-àjò.

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwùjọ ti ní àwọn tí ń tọ́jú ọ̀rọ̀ fún un. Arọ́kin wà láàfin Ọ̀yọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ orúkọ àwọn ọba àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lásìkò olúkúlùkù wọn. Babaláwo wà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ẹsẹ Ifá. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ó fẹ́ ṣàlàyé ilé-ìkówèésí fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí, nítorí pé Ifá ti yanjú ìṣòro kan tí àwọn olùtọ́jú ìwé ní Yúróòpù ṣe wàhálà lé lórí títí. Ìṣòro náà nìyí: bí ohun tí a kó jọ bá ti pọ̀ ju ohun tí ojú lè wò tán lọ, báwo ni a ó ṣe rí èyí tí a ń wá? Ojú odù jẹ́ 16, ọmọ odù jẹ́ 240, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 256. Olúkúlùkù ní orúkọ, ó ní àmì, ó sì ní ipò tirẹ̀. Nígbà tí babaláwo bá tẹ àmì sí ojú ọpọ́n, àmì náà ni ó ń tọ́ka sí ibi tí ẹsẹ tí ó yẹ kí ó kì wà. Kò sí ìdí fún un láti máa yẹ gbogbo Ifá wò bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Nọ́ńbà tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé ìwé kan kúrò ní ipò rẹ̀ tí a sì fi í sí ibòmíràn lórí pẹpẹ, ó ti sọnù bí ẹni pé iná jó o, bí ó tilẹ̀ wà nínú ilé.

Ètò nọ́ńbà tí ó gbajúmọ̀ jùlọ ni ti Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà, tí ó gbé e jáde ní 1876. Ó pín gbogbo ìmọ̀ ènìyàn sí ọ̀nà mẹ́wàá, ó tún pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́wàá mẹ́wàá. Ìrọ̀rùn rẹ̀ ni ó gbé e kárí ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ẹ̀ka ẹ̀sìn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 200, yóò rí i pé ẹ̀sìn Kristi nìkan ni ó gba láti nǹkan bí 220 dé 289, tí Mùsùlùmí, Júù, Búdà àti gbogbo ìyókù ayé sì ń fún ara wọn mọ́ inú 290. Ẹ̀sìn àwọn baba wa wà ní ìdí 299, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Báwo ni kí a wá ṣe ti Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá tí Wándé Abímbọ́lá tẹ̀ jáde ní apá méjì ní 1968 àti 1969? Bí a bá fi í sí ẹ̀sìn, ẹni tí ń wá ewì Yorùbá kò ní bá a pàdé. Bí a bá fi í sí ewì, ẹni tí ń wá ẹ̀sìn yóò rò pé Yorùbá kò kọ nǹkan kan. Orí pẹpẹ kan ni ìwé lè wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nípa irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ìwádìí lórí ilé-ìkówèésí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ pẹpẹ àti káàdì, tí ó sì di ọ̀rọ̀ àwùjọ. Sanford Berman, ará Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkówèésí yunifásítì ilẹ̀ Zambia ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí a kọ sórí káàdì fún àwọn ènìyàn ìhà gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n sì ń mú wá tààrà láti Washington, jẹ́ èébú gidi létí àwọn onílé. Ó padà kọ odidi ìwé kan ní 1971 lórí irú àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a sì ti yí padà láti ìgbà náà. Ẹni tí ó sọ orúkọ ẹ̀ka ìmọ̀ ti sọ ojú tí ó fi ń wo àwọn tí ẹ̀ka náà ń sọ̀rọ̀ wọn.

Fún àwọn tí ń kọ́ èdè Yorùbá, ìṣòro kan tún wà tí àwọn òyìnbó kò lè mọ̀ lára. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a fi ń tẹ káàdì fún ọ̀pọ̀ ọdún kò ní àmì ohùn, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní àmì ìsàlẹ̀. Nígbà tí a kó àwọn káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà, bí wọ́n ti wà ni a ṣe kó wọn. Ẹni tí ó bá wá ìwé nípa ọkọ̀ lè bá ti ọkọ àti ti ọkọ́ nínú àkójọ kan náà, nítorí pé lẹ́tà mẹ́ta tí kò ní àmì kankan ni ó dúró fún gbogbo wọn. Òwe àti òwè di ọ̀kan náà. Igbá, ìgbà, igba àti igbà di ọ̀kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá orúkọ òǹkọ̀wé kan ní láti gbìyànjú rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó dá a lójú pé ìwé náà kò sí. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ lásán. Ìwé tí a kò lè wá rí kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò rà.

Ìbéèrè mìíràn tí àwọn olùwádìí bi ara wọn ni pé, ta ni ó tilẹ̀ ń wọ ilé náà? Yunifásítì Chicago ni ó kọ́kọ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ fún ìwádìí irú èyí, ní 1926, pẹ̀lú owó Carnegie. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ̀kọ́ bí a ti ń ṣe iṣẹ́ ni a fi ń kọ́ àwọn olùtọ́jú ìwé: bí a ti ń kọ káàdì, bí a ti ń to pẹpẹ. Àwọn ará Chicago ní kí a lọ ka ènìyàn, kí a má ka ìwé nìkan. Ní 1949, Bernard Berelson kó àbájáde ọ̀pọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé kan, ohun tí ó sì rí bí àwọn olùtọ́jú ìwé nínú gidigidi. Nínú àgbàlagbà mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà, ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń lọ sí ilé-ìkówèésí ìlú lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Nínú àwọn ọmọdé, ìdá kan nínú mẹ́ta ni. Bí ẹ̀kọ́ ènìyàn bá ti pọ̀ tó ni ó ń lọ tó; ẹni tí ó sì ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kì í sábà padà wá. Àwọn tí wọ́n ti ń fi ọ̀pọ̀ ọdún wàásù pé ilé-ìkówèésí ni yunifásítì àwọn mẹ̀kúnnù wá rí i pé mẹ̀kúnnù kò sí nínú ilé náà. Berelson gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n gba ipò wọn, kí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ rere fún àwọn díẹ̀ tí ó fi tọkàntọkàn kàwé. Ìmọ̀ràn náà kò tẹ́ ọ̀pọ̀ lọ́rùn, kò sì yẹ kí ó tẹ́ wọn lọ́rùn: àwọn tí kò wọlé wà lára àwọn tí ń san owó-orí tí a fi kọ́ ilé náà.

Ní Nàìjíríà, ìbéèrè náà gba ọ̀nà mìíràn wá. Owó Carnegie ni a fi gbé ilé-ìkówèésí ìlú Èkó dìde ní 1932, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni, ẹni tí kò bá san owó ọdún kò lè yá ìwé, àwọn òyìnbó sì ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ọdún 1953 ni àjọ UNESCO pe àwọn olùtọ́jú ìwé láti apá púpọ̀ ní Áfíríkà jọ sí Ìbàdàn láti jíròrò lórí ilé-ìkówèésí fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ tí ó rinlẹ̀ níbẹ̀ ni pé ìjọba ni kí ó máa bọ́ ilé náà, kí ó sì ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àgbà àti ọmọdé. Láti inú ìpàdé yìí ni ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ìwé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti wáyé ní 1954. Ẹkùn Ìlà-Oòrùn ni ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ òfin mú un ní 1955, UNESCO sì bá wọn ṣí ilé-ìkówèésí àpẹẹrẹ sí Enúgu ní 1959, irú èyí tí àjọ náà ti ṣí sí Delhi ní Íńdíà àti sí Medellín ní Kòlóńbíà ṣáájú.

Nígbà tí àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tí ń wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀ jùlọ. Àga kún láti àárọ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ó jókòó kò fọwọ́ kan ìwé kankan lórí pẹpẹ. Ìwé tiwọn ni wọ́n gbé wá, wọ́n ń múra ìdánwò. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ìwé ka èyí sí ẹ̀tẹ́, wọ́n sì sọ pé àwọn ènìyàn wa kì í kàwé àfi nítorí ìwé-ẹ̀rí. Ẹ̀sùn náà kò tọ̀nà pátápátá. Ọmọ tí ó ń gbé pẹ̀lú ènìyàn méje nínú yàrá kan, tí àtùpà ilé rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ojúlé, tí rédíò aládùúgbò kò sì ń sinmi, ohun tí ó wá sí ilé-ìkàwé wá gbà ni tábìlì, ìmọ́lẹ̀ àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Àwùjọ tí ó fún un ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fún un ní ohun púpọ̀. Eric Klinenberg, onímọ̀ nípa àwùjọ ní New York, sọ ohun tí ó jọ èyí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2018: ó rí arúgbó tí ó ń wá ẹni bá sọ̀rọ̀, ó rí ìyá ọmọ tí ó ń wá ibi jókòó láìrajà, ó sì parí rẹ̀ sí pé irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó so ìlú pọ̀ gẹ́gẹ́ bí afárá àti omi ẹ̀rọ.

Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà lábẹ́ ẹ̀sùn náà tí a kò gbọ́dọ̀ fò dá. Kí ni ó wà lórí pẹpẹ tí àgbẹ̀, oníṣòwò tàbí aránṣọ tí ó gbọ́ Yorùbá nìkan lè kà? Adolphe Amadi kọ ìwé kan ní 1981 láti fi hàn pé a gbé ilé-ìkówèésí wá sí Áfíríkà bí a ti gbé kóòtù onírun òyìnbó wá, láìbéèrè bóyá ojú-ọjọ́ gbà á. Sturges àti Neill tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní 1990, wọ́n sì gba àwọn olùtọ́jú ìwé níyànjú pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́ mọ̀ àti èdè tí wọ́n ń sọ. Ilé tí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìwé rẹ̀ bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú tí gbogbo ọjà ń fọ Yorùbá ti yan àwọn tí yóò wọlé, bí ó tilẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri pé gbogbo ènìyàn ni ó wà fún.

Iṣẹ́ ilé-ìkówèésí tí ó kéré jù lójú ni ó sì lè tóbi jùlọ nígbẹ̀yìn, èyíinì ni kíkó ohun tí kò tí ì níye lórí jọ. Yorùbá ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tí ó bá lówó lè ra ìwé tuntun 10,000 lóṣù kan. Kò lè fi owó ra àádọ́ta ọdún ìwé ìròyìn tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nínú ìtàn ìwé Yorùbá fúnra rẹ̀. Láàárín 1922 sí 1930, oríṣiríṣi ìwé ìròyìn Yorùbá ni ó jáde ní Èkó àti Ìbàdàn: Èkó Àkéte, Elétí Ọfẹ, Yoruba News tí Dénrelé Ọbasá ń tẹ̀ ní Ìbàdàn, Akéde Èkó tí I. B. Thomas dá sílẹ̀. Owó kékeré ni a fi ń rà wọ́n, ẹni tí ó bá kà wọ́n tán a fi wọ́n dí ọjà. Inú Akéde Èkó ni àwọn lẹ́tà kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1929, láti ọwọ́ obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tí ó ń jẹ́wọ́ ìgbé-ayé rẹ̀ nígbà èwe àti àìsàn tí ó kó bá a. Ìlú dàrú. Àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà sí i, àwọn kan fi owó ìtọ́jú ránṣẹ́. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Ní 1930 ni ó sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé pé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní 1938, ni ìtàn-àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Nígbà tí Karin Barber tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ àti àlàyé, ó ní láti padà sínú ìwé ìròyìn ìgbà náà gan-an. Ìwé ti 1930 kò tó fún un, nítorí pé inú ìwé ìròyìn nìkan ni lẹ́tà àwọn òǹkàwé wà, pẹ̀lú èsì Thomas àti ìròyìn ìlú tí ó yí wọn ká. Ìtàn náà àti ìjíròrò tí ó dá sílẹ̀ jọ wà lójú ewé kan náà ni. Bí àwọn olùtọ́jú ìwé ìṣáájú bá ti sọ pé ìwé nìkan ni ó yẹ ní títọ́jú, Ṣẹ̀gilọlá ìbá wà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó sunkún nítorí rẹ̀ ìbá ti parẹ́.

Ẹ̀ka ìtàn ní Ìbàdàn pẹ̀lú kò lè wà bí ó ti wà láìsí irú ìkójọ báyìí. Nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ìwé Henry Carr, ọmọ Èkó tí ó ti jẹ́ ọ̀gá nínú ètò ẹ̀kọ́ kí ó tó kú ní 1945, wà lára ohun tí a kọ́kọ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé-ìkówèésí rẹ̀. Ó tó nǹkan bí 18,000. Ìjọba ni ó rà á, tí ó sì fi ta kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lọ́rẹ. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó fi owó ara rẹ̀ kó o jọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Kenneth Dike bẹ̀rẹ̀ sí í rin ìrìn-àjò kiri ọ́fíìsì ìjọba láti wo ipò tí àwọn ìwé àtijọ́ wà. Láti inú iṣẹ́ yìí ni Ilé Àkọsílẹ̀ Ìjọba ti wáyé ní 1954, ìgbà tí òfin rẹ̀ sì jáde ní 1957 ó di ti orílẹ̀-èdè. Àwọn ìwé tí ikán ìbá jẹ ni àwọn ọ̀dọ́mọdé onítàn ìgbà náà fi kọ ìtàn tí àwa àti òyìnbó jọ ń kà.

Ó yẹ kí a mẹ́nu ba ohun tí ó wà lókè òkun. Láàárín 1940 sí 1941, Lorenzo Turner, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Bahia ní Bràsíìlì, Martiniano do Bonfim tí ó ti gbé Èkó nígbà èwe rẹ̀ sì wà lára wọn. Ní Yunifásítì Indiana ni àwọn àwo ohùn náà wà. Àwọn ìwé Lydia Cabrera, tí ó kọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Lùkùmí ní Kúbà sílẹ̀, wà ní Yunifásítì Miami. Ọpẹ́ yẹ àwọn tí ó tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ní Adó-Èkìtì tí ó fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ti ń fọ Yorùbá ní Bahia ní 1940 ní láti gba ọ̀dọ̀ àjèjì lọ.

Ibi kan ṣoṣo kò sì tó fún ohun iyebíye. Ní 18 oṣù kẹrin ọdún 2021, iná láti orí òkè jó ilé-ìkówèésí Jagger ní Yunifásítì Cape Town, ó sì run ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ìwé tí a kó jọ nípa Áfíríkà. Àwọn ilẹ̀kùn tí kò jẹ́ kí iná kọjá ni ó gba apá kan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ là. Lọ́dọ̀ tiwa, iná kò fi bẹ́ẹ̀ yára bí ikán, ọ̀rinrin àti òrùlé tí ń jò. Andrew Carnegie, tí owó rẹ̀ kọ́ ilé-ìkówèésí tí ó lé ní 2,500 káàkiri ayé, mọ ìwà ilé. Kò fún ìlú kankan lówó àfi bí ìlú náà bá ṣèlérí pé òun yóò máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá iye owó náà sílẹ̀ lọ́dọọdún fún ìtọ́jú. Ní Nàìjíríà, ilé ni a sábà máa ń ṣí pẹ̀lú ìlù; owó ìwé ọdún kejì ni kì í wá. A bẹ̀rẹ̀ olú ilé tuntun fún Ilé-Ìkówèésí Orílẹ̀-Èdè ní Àbújá ní 2006, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá lórí rẹ̀ láìparí.

Òfin kò ṣàìsí. Láti 1950 ni òfin ti pa á láṣẹ kí a máa fi ẹ̀dà ohun tí a bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-ìkówèésí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Ilé-Ìkówèésí Orílẹ̀-Èdè ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Èkó ní 1964, òfin ti 1970 sì sọ pé ẹ̀dà mẹ́ta ni kí òǹtẹ̀wé máa fi ránṣẹ́, kí méjì wà ní Ilé-Ìkówèésí Orílẹ̀-Èdè, kí ìkẹta lọ sí Ìbàdàn. Àwọn ilé-ìtẹ̀wé ńláńlá ń gbìyànjú. Àwọn onítẹ̀wé kéékèèké ní Mushin tàbí ní Mọ́kọ́lá, tí wọ́n ń tẹ ìwé ewì olójú ewé 20, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àti ìwé ìsìnkú àgbà, púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ gbọ́ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. Inú ìwé ìsìnkú yẹn sì ni ìtàn ìdílé wà, pẹ̀lú oríkì orílẹ̀, orúkọ àwọn baba ńlá dé ìran kẹrin, ọdún tí olóògbé wọ iṣẹ́ reluwé, àti àwòrán ìyàwó ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ ọdún kan tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Ẹ̀dà 200 ni wọ́n tẹ̀. Lọ́jọ́ Satidé ni wọ́n pín in fún àlejò. Nígbà tí ó fi máa di Ọjọ́rú, èyí tí ó ṣẹ́kù ti wà lórí àtẹ alákàrà ní ìkóríta, tí ó ń ya á ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan.